Omi Awọ Tí Mo Dà Sórí Ebè Àṣàbí

Ọ̀rá tí ẹ kó ẹ̀fọ́ yìí sí ni mo ń wò láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ẹni tó tà á fún yín ti bá yín rẹ́ ẹ, ó ti bọ̀ ọ́, ó ti fún un bí ẹni fún aṣọ. Bí mo bá ní kí ẹ sọ orúkọ ẹ̀fọ́ náà fún mi, ẹ ó máa wo ojú ara yín. N kò bá yín wí. Ayé tí ẹ bá ni ẹ ń jẹ. Ṣùgbọ́n kí ọbẹ̀ náà tó jinná, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí a ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí nígbà tí Àṣàbí ìyá yín àgbà wà láyé, àti ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe sí ebè rẹ̀ lọ́dún kan. Òun kò sọ ọ́ fún yín rí títí ó fi lọ. Obìnrin tó mọ ẹnu pa mọ́ ni.

Ibi tí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yìí, tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, ilẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Láti ẹsẹ̀ ilé ìdáná títí dé ògiri amọ̀ kúkurú tó pààlà àwa àti Ìyá Gàníyù, ebè ló wà níbẹ̀. Àṣàbí gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ó gbin ewédú sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá, ó wá fi ilá àti ata yí gbogbo rẹ̀ ká. Gbúre kò tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni gbin òun. Ní òwúrọ̀, ìró àtẹ́wọ́ ló ń jí mi, Àṣàbí ló ń lé ewúrẹ́ ará ilé òkè. Ó máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á bú ewúrẹ́, á bú ẹni tó ni ín, á sì tún kí ẹni tó ni ín náà ẹ kú òwúrọ̀ bó bá yọjú. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ló ń jí mi, n kò sì rí ẹni kí.

Àṣà kan wà tí ẹ̀yin kò bá. Kò sí obìnrin kan ní gbogbo agbo ilé wa tó ń lọ sọ́jà ra ewé ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ á mú ọ̀bẹ rẹ̀, á wọ ẹ̀yìnkùlé ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù lọ, á bẹ̀rẹ̀, á gé. Bí onílé bá wà nílé, á kí i. Bí kò bá sí nílé, á gé e náà. Òfin ibẹ̀ kò ju méjì lọ: o kò gbọdọ̀ fà á tu, ìka méjì lókè ilẹ̀ ni kí o ti gé e kó lè tún rúwé, bí o bá sì gé e tán, kí o bomi sí ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú iye ìgbà tí ẹnìkan wá. Èmi tí mo ń rán awọ lábẹ́ igi ọ̀dán, mo lè máà gbójú sókè, ìró ọ̀bẹ lára ewé nìkan ni mo máa fi mọ̀ pé àlejò wà lẹ́yìn.

Ìyá Gàníyù ló ń wá jù. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe, ó sì jù wá lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Nígbà tí mo gbé Àṣàbí níyàwó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ohun tí ọmọ náà gbìn ló kọ̀ tí kò hù. Ó ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kò fẹ́ òun. Ìyá Gàníyù ló gun orí ògiri kúkurú yẹn, ó ní kò sí ilẹ̀ tó kórìíra ènìyàn, pé jíjìn ló ti ń gbin hóró rẹ̀ jù. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì fún un ní irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan. Ìdí irúgbìn yẹn ni gbogbo tẹ̀tẹ̀ tí a jẹ nílé yìí ti wá. Àwọn méjèèjì ti ń ré ẹ̀fọ́ ara wọn fún bí ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ìyẹn ni ti àwọn obìnrin. Tèmi ni pé iṣẹ́ awọ ni mo ń ṣe, bí baba mi ti ṣe é. Tìmùtìmù, àpò, abẹ̀bẹ̀, àti àpò tí àwọn àfáà ń fi Kùránì sí. Ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Màlámù Ísà, ni mo ti ń ra awọ ewúrẹ́ gbígbẹ. Bí mo bá kó o délé, n ó rẹ ẹ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú eérú títí tí yóò fi rọ̀, n ó tẹ́ ẹ sórí igi, n ó sì fi ọ̀bẹ fá irun ara rẹ̀ kúrò. Omi ìkòkò yẹn àti irun náà, orí ebè ni a ń dà á sí. Baba mi ṣe bẹ́ẹ̀, baba tó bí i náà ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára. Àṣàbí fi ìka dí imú fún oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ṣọkọ ṣe ń yọ ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó yọ ìka nímú. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀fọ́ ilé wa ń jẹ ẹran ju àwa tí a ni ín lọ.

Ọdún tí mo ń wí yìí, ayé sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn fún ìgbànú. Ohun gbogbo ti wọ́n. Ẹran di ohun tí à ń fi ojú bá ṣeré, ewé wá di ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àṣàbí ti ro ebè rẹ̀ sílẹ̀ de oṣù ààwẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló máa ń lọ sínú ọbẹ̀ ìṣínu ilé bíi márùn-ún. Ìyẹn jẹ ẹ́ lógún gan-an ni. Obìnrin tí kò ní ọ̀pọ̀ nǹkan, tó wá ní ohun kan tí gbogbo ènìyàn ń bá a jẹ, ẹ kò ní mọ bó ti ṣe iyebíye tó lójú rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dá. A wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń dùn wá. Omi kànga sọ̀ kalẹ̀ débi pé okùn kò tó mọ́, a fi ìgbànú awọ mi kún un. Àwọn tata wá jáde látinú igbó, wọ́n bo ewé bí aṣọ, bí o bá gbá wọn kúrò níhìn-ín wọ́n á bà lé ọ̀hún. Àṣàbí ń ku eérú sára ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó kàn ń rù ni. Mo ní mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó awọ dé láti Sábó ni, mo rẹ ìkòkò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, dípò méjì, mo sì da gbogbo omi rẹ̀ sórí ebè láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo ní, "Àṣàbí, fọkàn balẹ̀. Èyí á tó o títí òjò á fi dé." Ó kí mi kú iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá di bí ewé tábà. Tẹ̀tẹ̀ wó lulẹ̀ láti ìdí. Ṣọkọ dúró, ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kàn án, á rún wómúwómú. Kò sí tata kankan lórí rẹ̀ mọ́, àwọn tata pàápàá ti sá. Ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Ìyá Gàníyù ló kọ́kọ́ kú, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, tí ọwọ́ mi kún jù. Àṣàbí dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ewé, ó wo ògiri. Lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an ni Ìyá Gàníyù ti ń sẹ́ omi eérú tó fi ń ṣe ọṣẹ, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé omi eérú ọlọ́ṣẹ lè bó awọ ọwọ́ ènìyàn.

Mo wà lábẹ́ igi, mo ń gbọ́ wọn.

"Ìyá Gàníyù, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ̀ ń da omi ọṣẹ yín sí?"

"Ihò rẹ̀ nìyí níhìn-ín. Kí ló dé?"

"Ó ti ń wọ abẹ́ ògiri ni. Ó ti jó gbogbo ewé mi."

"Omi ọṣẹ mi kẹ̀? Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe ọṣẹ níbí, Ìyá Ràṣídá? Kí ló dé tí kò fi jó o látẹ̀yìnwá? Wá wo ihò náà, kò jò níbì kankan."

"N kò ní í wò ó. Ewé kì í dédé jó. Ẹ kàn má mú ọ̀bẹ yín wá sórí ebè mi mọ́."

Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ dúró lọ́wọ́ mi. Ní agbo ilé wa, kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó yẹ kí n dìde, kí n ní ó tó, kí n bẹ àgbà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò pẹ́ tí wọn ó fi parí ẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Gàníyù ń kó igbá rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ààwẹ̀ ti wọlé bí ọjọ́ mẹ́fà nígbà tí mo padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Takie, mo fẹsẹ̀ rìn dé Sábó nínú oòrùn. Màlámù Ísà jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. A kí ara wa kú ààwẹ̀, a béèrè ilé, a béèrè ọmọ.

"Awọ tẹ́ ẹ kó lọ́jọ́sí ńkọ́?" ló wí. "Ṣẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́ sí?"

"Iyọ̀ ara ẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ látòkè Ọya dúró sọ́nà fún ọjọ́ púpọ̀, kò sí epo. Kó má baà rà ni wọ́n ṣe fi iyọ̀ pa á lára. Mo sọ fún yín, Bàbá Ràṣídá. Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wọ̀ ni ẹ ń wò, ẹ kàn ń mi orí fún mi ni."

Òótọ́ ló sọ. Mo rántí pé mo mi orí. Mo tún rántí funfun funfun tí mo rí lára awọ yẹn nílé, tí mo pè ní eruku. Ó fa ọ̀kan yọ nínú èyí tó kù nínú ẹrù náà, ó fi èékánná ha igun rẹ̀, nǹkan wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní bí kì í bá ṣe ti ààwẹ̀ ni, òun ì bá ní kí n tọ́ ọ lá. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ tọ́ lá. Ìkòkò mẹ́rin. Mo ti da iyọ̀ ìkòkò mẹ́rin sórí ilẹ̀ tí òjò kò rọ̀ sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ìdí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ká ní mo délé lọ́jọ́ náà tí mo là á mọ́lẹ̀, àṣìṣe ni ǹ bá máa pè é lónìí, ǹ bá sì máa fi ṣe ẹ̀rín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní ó rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì, Àṣàbí ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí n jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá. Ojú ń tì mí ni. Àwọn ènìyàn ń pè mí ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ awọ, èmi tí n kò dá iyọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí eruku.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ògiri. Mo yọjú. Ìyá Gàníyù ló ń gbẹ́ ihò tuntun ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, níbi tí kò sí ibòji rárá. Ó ti gbé òkúta ààrò rẹ̀ dé ibẹ̀, ó ti yí ìkòkò kan dé ibẹ̀, ọ̀kan ṣì kù. Àgbà obìnrin, ààwẹ̀ lẹ́nu, ọ̀sán gangan.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Gàníyù."

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Ràṣídá. Mo ní kí n gbé e jìnnà díẹ̀ ni, kí ọkàn Ìyá Ràṣídá lè balẹ̀."

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu mi, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Mo ní, "Ọlọ́run á fún yín lókun." Mo sì padà sídìí awọ mi. Títí di òní, bí mo bá rántí àdúrà tí mo gbà fún un lọ́jọ́ yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, bí oòrùn ti ń wọ̀, Ìyá Gàníyù fi àwo kan ránṣẹ́ sí wa fún ìṣínu. Ọbẹ̀ gbúre ni, gbúre díẹ̀ tó rí ré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tirẹ̀. Àṣàbí ṣí àwo náà, ó wò ó, ó ní, "Ẹ rí i bí? Ẹ̀bi ló ń dà á láàmú." Ó bù ú, a jọ jẹ ẹ́. Òkèlè mẹ́ta ni mo lè gbé mì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun Aílà, mo bá Àṣàbí nídìí ebè tó ti kú náà. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe omi ọṣẹ. Omi awọ mi ni. Iyọ̀ ló wà lára awọ yẹn, n kò sì fọ̀ ọ́."

Kò pariwo. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé."

Ó fi ìka kà á. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ń wò mí, mo ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, mo sì ń bú u." Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá Gàníyù ń ko iná lábẹ́ ìkòkò nínú oòrùn nígbà tí a wọlé. Àṣàbí fi eékún méjèèjì lélẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, n kò wo ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, àwọ̀ eérú sì bo agbádá mi. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àwọn àgbà kò purọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ dìde, Bàbá Ràṣídá, ẹ ti ba aṣọ jẹ́," ló wí. "Ó ti tán. Oṣù yìí kì í ṣe oṣù ìbínú." Ó wá yíjú sí Àṣàbí. "Èmi ni mo fún ọ ní irúgbìn ẹ̀. Báwo lo ṣe rò pé n ó tún fọwọ́ ara mi pa á?"

Àṣàbí bú sẹ́kún. Ìyá Gàníyù fi ọwọ́ fà á dìde, ó nu ojú rẹ̀ fún un, ó sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbé ààrò rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí a ti délé, Àṣàbí dájọ́ tèmi. Ó ní èmi ni n ó kó erùpẹ̀ oníyọ̀ yẹn kúrò, èmi náà ni n ó ru tuntun wá láti etí odò, n kò sì gbọdọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá mi rù ú. Ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ènìyàn kò lè kọjá láìkí ènìyàn níbẹ̀, wọn kò sì ní kí ọ kí wọ́n má béèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ràṣídá. Ilé lẹ fẹ́ mọ ni?" N ó gbé páànù sọ̀, n ó ní, "Rárá o, mo da omi iyọ̀ sórí ebè ìyàwó mi ni, Ìyá Gàníyù kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Mo wí i lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo wí i nísọ̀ alágbẹ̀dẹ, mo wí i fún èwe, mo wí i fún àgbà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Oníyọ̀. Orúkọ náà bá mi dé Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, lémọ́ọ̀mù pàápàá fi kí mi. Inú mi dùn sí i, bí mo ṣe ń rù ú ni àyà mi ń fúyẹ́.

Òjò padà wá. Nígbà tí oṣù kejì yóò fi parí, tẹ̀tẹ̀ ti ga dé àyà Àṣàbí. Àwọn obìnrin agbo ilé mú ọ̀bẹ wá bí wọ́n ti ń ṣe. Àṣàbí rán Ràṣídá ọmọ wa sí Ìyá Gàníyù pé kó wá gé tirẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Àṣàbí lọ fúnra rẹ̀. Ìyá Gàníyù tún ní òun ń bọ̀, ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Àṣàbí gé e fún un, ó gbé e lọ. Ó gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fi ọṣẹ sínú àwo padà fún un. Kò bá wa jà. Bí Ràṣídá ṣe àìsàn, òun ló kọ́kọ́ dé. Ìgbà tí mo gbé aya fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín, òun ló jókòó sí ipò ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ewé bá tán lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń rí i láti abẹ́ igi mi, á mú agbọ̀n rẹ̀, á gba iwájú ebè wa kọjá, á kí mi, á sì lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Láti ọdún náà títí Ìyá Gàníyù fi kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin, Àṣàbí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ẹ̀fọ́ wọ́n, bí kò wọ́n, kì í gé e, kì í sì í jẹ́ kí a gé e. Ìyá Gàníyù ló fi í sílẹ̀ dè. Ọdún méje ni mo fi jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán, tí mo ń rán awọ, tí mo ń wo tẹ̀tẹ̀ yẹn bó ti ń ga, tó ń yọ òdòdó, tó ń so, tó sì ń gbẹ lórí ìdúró.